Ṣé Òkú Ni Mo Fẹ́, Àbí Alààyè?

 

Ọ̀rọ̀ tòní wúwo lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba ló gbé e wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n, síbẹ̀ mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ rèé: bí ẹni tí ẹ jọ ń sùn lórí ẹní kan kì í bá ṣe ẹni tí o rò pé ó jẹ́, ta gan-an lo fẹ́?

Ìdájí ló dé ilé mi ní Beyerunka. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ dákun, ẹ bá mi bi Ifá. Ó dà bí ẹni pé òkú ni mo fẹ́."

Mo bu omi fún un, mo ní kó fara balẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, obìnrin kan tó wá láti ìlú ọkọ òun, lọ́nà Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún, wá ra ọjà lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, ló bá dárúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Lágbájá. Obìnrin yẹn ṣe háà. Ó ní, "Lágbájá wo? Lágbájá tí mo mọ̀ ti kú tipẹ́. Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín." Ìyá èlùbọ́ bá yọ fóònù, ó fi fọ́tò ọkọ rẹ̀ hàn án. Obìnrin náà wò ó, ó tún un wò, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èlùbọ́ tó ti sanwó rẹ̀, kò dúró gbà á.

Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí ò fojú kan oorun. Bí ọkọ bá ti sùn, á tan iná fóònù, á máa wò ó bóyá ó ń mí. Á máa wá òjìji rẹ̀ lára ògiri. Gbogbo ohun tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ọkọ rẹ̀ ò mú un lọ sí ìlú rẹ̀ rí. Kì í lọ sóde tí èrò bá ti pọ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé fọ́tò òun sórí Facebook. Nígbà ìdána, àgbàlagbà mẹ́ta ló tẹ̀ lé e wá tọrọ ìyàwó, kò sì sí èyí tó tún fojú kàn nínú wọn di òní.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ní, "Baba, àkúdàáyà ni."

Fún ẹni tí kò bá mọ̀: àkúdàáyà ni ẹni tó kú kí ọjọ́ tó yàn lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá tó pé. Àwọn baba wa ní irú wọn a máa lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n, wọn a ṣiṣẹ́, wọn a fẹ́yàwó, wọn a bímọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá pàdé wọn, wọn a pòórá, ìyàwó àti ọmọ á wá kù sílẹ̀. Mi ò ní kò sí o. Àwọn tó kọ́ mi ní Ifá ò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo sì mọ irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀dó síbí. Ibùdó ogun ni kó tó di ìlú. Ẹni tí ìlú rẹ̀ tú, ẹni tó sá àsálà, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, ibí ni ọ̀pọ̀ wọn ti pàdé. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ká. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn, ọkọ mélòó ni wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán nílé tó sì wà láàyè níbòmíràn? Ẹ wo Àjàyí Crowther: ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Orúkọ rẹ̀ ti yí, aṣọ rẹ̀ ti yí, ẹ̀sìn rẹ̀ ti yí. Ká ní ará Òṣogùn mìíràn ló kọ́kọ́ ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí lẹ rò pé yóò pè é?

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé àwọn rí òkú ní ìlú báyìí, nǹkan méjì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó lè jẹ́ òkú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ alààyè tí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀.

Ìyá èlùbọ́ sọ̀rọ̀ sówó, ó gbé e kalẹ̀. Mo sọ ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀gúndá Méjì ló hù.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀gúndá Méjì mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè kánjú, wọ́n gbé orí tó dára lójú, àṣé orí tí kò jiná ni. Òjò pa á, ó sì ń jẹrà lọ lójú ọ̀nà. Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà yà kí bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n orí tó gbé kò fọ́. Nígbà tí ayé rẹ̀ wá dùn, àwọn méjì yòókù rò pé ibòmíràn ló ti yan tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n lọ. Olúkúlùkù ló gbé orí tirẹ̀.

Mo kíyè sí i pé Ifá ò mẹ́nu ba òkú tó ń rìn. Ọ̀rọ̀ orí ló ń sọ, ti ẹni tó ń wo orí ẹlòmíràn. Mo bi ìyá pé, "Ẹ ti bi ọkọ yín?"

Ó wojú mi, omi lé rọ́rọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Baba, bí mo bá bi í, tó bá pòórá ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ìtàn ìfẹ́, ẹ gbọ́ ìyẹn. Obìnrin yìí gbà pé òkú ni, ẹ̀rù sì ń bà á, síbẹ̀ èyí tó bà á lẹ́rù jù ni pé kó má rí i mọ́.

Mo ní kó lọ bi í, kó sì mú un wá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì dé. Ọkùnrin náà ò lè jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Baba, èmi kọ́ ni Lágbájá. Lágbájá lẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n jáde ìwé mẹ́wàá, ó yege, àìsàn mú un, ó kú. Àbúrò ò rówó parí tirẹ̀. Sàtífíkéètì wà nínú àpótí, ebi sì wà nínú ilé. Ojú wọn jọra. Ó gbé ìwé náà wá sí Ìbàdàn, ó fi gba iṣẹ́, ó sì di Lágbájá. Ọdún kẹtàdínlógún rèé. Àwọn tó bá a wá tọrọ ìyàwó, ojúlùmọ̀ tó bẹ̀ lọ́wẹ̀ ni wọ́n. Ó ní ìyá òun nìkan ló kù tó ń pe òun ní orúkọ òun, láti ìgbà tí ìyá náà sì ti papò dà, òun ò tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé ara máa tu ìyàwó. Ó kúkú fẹ́ alààyè! Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Ó sàn kẹ́ ẹ jẹ́ àkúdàáyà. Àkúdàáyà ò rí nǹkan kan ṣe sí tirẹ̀. Ẹ̀yin, àràárọ̀ lẹ ń jí, àràárọ̀ lẹ ń yàn án."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Èmi gan-an alára wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ìyá yìí fi ń gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń pe "Lágbájá" níwájú Ifá, tí mò ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un. Ẹni tó ti kú ni mò ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún! Ta ni ẹbọ yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Mo dìbò, mo bi Ifá bóyá ẹbọ wọ̀nyẹn fín. Ifá ní ó fín. Bí mo ṣe yé e sí ni pé orí ló ń gba ẹbọ. Ènìyàn lè yá ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò lè yá orí rẹ̀. Àmọ́ mi ò fi ìyẹn dá ara mi láre. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi ò wo ilé ọkùnrin yìí rí kí n tó máa pe orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ohun kan tí mo kà nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ní ilẹ̀ Faransé, ní abúlé Artigat, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martin Guerre fi ìyàwó rẹ̀ Bertrande sílẹ̀ lọ ní 1548. Ní 1556, ọkùnrin kan dé, ó lóun ni Martin. Ó mọ orúkọ gbogbo ènìyàn, ó mọ àṣírí ilé. Bertrande gbà á, wọ́n jọ gbé lé lọ́dún mẹ́ta, wọ́n bímọ. Àwọn ẹbí wá gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 1560, ilé ẹjọ́ Toulouse ti fẹ́ dá a sílẹ̀ nígbà tí Martin gan-an wọlé, ẹsẹ̀ igi ló fi ń tẹlẹ̀. Arnaud du Tilh ni orúkọ ẹlẹ́tàn náà, wọ́n sì so ó kọ́ níwájú ilé Martin. Òpìtàn Natalie Zemon Davis kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1983, èrò rẹ̀ sì ni pé Bertrande mọ̀. Ó mọ̀, ó dákẹ́, nítorí ọkùnrin kejì dára sí i ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣé ìwà Arnaud wá sọ irọ́ rẹ̀ di òótọ́? Àwọn kan á ní orúkọ ò jẹ́ nǹkan kan, ìwà ni. Àwọn mìíràn á ní ilé tí wọ́n kọ́ sórí irọ́, wíwó ló máa wó. Èmi rò pé àwọn méjèèjì ń sáré jù.

Ẹ rántí ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti Ìwà, ìyàwó rẹ̀. Ó ń rí àléébù obìnrin náà, ó ń bá a wí, títí Ìwà fi kó ẹrù jáde. Ìgbà tí nǹkan dojú rú ló wá mọ ẹni tí òun fẹ́, tó ń wá a kiri láti ilé dé ilé. Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, kò mọ ẹni tó wà nílé rẹ̀! Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀rúnmìlà, kò sí tọkọtaya tó lè ní àwọn ti mọ ara wọn tán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Ìwà ò fara pa mọ́ fún un. Òun ni kò wò ó dáadáa. Àìmọ̀ yàtọ̀ sí ìfipamọ́. Ẹni tí kò mọ ẹnìkejì rẹ̀ tán lè máa kọ́ ọ lọ. Ẹni tí wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti yàn.

Mo sọ fún ìyá èlùbọ́ pé ohun kan wà tí kì í ṣe irọ́. Obìnrin Yorùbá kì í pe ọkọ lórúkọ. "Bàbá Ìbejì" ló ń pè é, òótọ́ sì ni, bàbá ìbejì ni. Ìtọ́jú tó tọ́jú rẹ̀ nígbà ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ti Lágbájá, tirẹ̀ ni. Mo wá kọjú sí ọkọ, mo ní, "Òótọ́ wà nínú ìwà. O ò lè ní o ní ìwà kí o yọ òótọ́ kúrò nínú rẹ̀. Gbèsè lo jẹ, ẹnu kọ́ la fi ń san án."

Wọ́n lọ sí ìlú rẹ̀, èmi náà bá wọn lọ. Lójú oórì ẹ̀gbọ́n, ó pè é, ó bẹ̀ ẹ́, ó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Àgbà obìnrin kan nínú ẹbí pe àbúrò ní orúkọ rẹ̀ gan-an, ọkùnrin yẹn sì sunkún bí ọmọdé. Ìyàwó rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń gbọ́ orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kó lọ sọ òótọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì lọ. Bó bá lọ, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Bí kò bá lọ, irọ́ tó kúrò nílé ṣì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń lé e bá, ogún ọdún náà sì ń bọ̀. Ìyá èlùbọ́ ṣì wà nílé ọkọ rẹ̀. Àwọn kan ti ń tì í pé kó gba kóòtù Mápó lọ. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Ó ní ọkùnrin tí òun ń dáná fún báyìí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, láyé àtijọ́ alárenà ló ń bá wa wádìí ilé, tí ojú bá mọjú tán ni yóò tó yẹ̀bá. Lónìí, orí fóònù la ti ń pàdé, alárenà ò sí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè lọ́kàn nípa ẹni tí ẹ fẹ́, ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ babaláwo kẹ́ ẹ tó gbé e lọ bá ẹni tó ni ín. Ifá ń sọ ohun tí ènìyàn ò lè mọ̀. Èyí tí ẹ lè fẹnu ara yín béèrè, ẹ béèrè rẹ̀, bí àyà yín tilẹ̀ ń já.

Àbọrú, àbọyè. Kí orí wa má ṣe jẹ́ ká sọnù mọ́ ara wa lọ́wọ́ o.