Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Alààyè Fi Ojú Òkú Ríran?

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Bí ọba bá wàjà, ìlú a fi òmíràn jẹ. Ṣùgbọ́n bí ojú bá fọ́, níbo ni a ó ti rí òmíràn? Ìmọ̀ ìṣègùn ti dáhùn pé a lè rí apá kan rẹ̀ lára òkú. Ìdáhùn yìí ló bí ìbéèrè mi: ǹjẹ́ ó tọ́?

Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Kọ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Àìsàn tí a mọ̀ sí keratoconus a máa sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì yọ ṣóńṣó síwájú títí ohun gbogbo yóò fi máa rí bàìbàì. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, fífi ọwọ́ ra ojú léraléra sì lè mú un le sí i. Bí a bá tètè rí i, dókítà lè kán fítámì B2 sójú náà, kó sì tan ìtànṣán ultraviolet sí i kí awọ náà lè le. Ìlú Dresden ní Jámánì ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ó lè dá àìsàn náà dúró, ṣùgbọ́n kì í dá ohun tó ti bàjẹ́ padà. Bí awò ojú àti lẹ́ǹsì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á gé awọ náà kúrò, nígbà mìíràn pẹ̀lú iná lésà, wọ́n á sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Eduard Zirm ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí láṣeyọrí fún ènìyàn, ní Olomouc, ní ọdún 1905. Ojú ọmọdé kan tí kò ṣeé wò sàn mọ́ ló ti mú awọ náà. Lónìí, ọ̀dọ̀ òkú ni wọ́n ti ń gbà á, òkú kan sì lè la ojú ènìyàn méjì.

Àwọn kan ní ó lòdì sí àṣà, pé ẹni tí a yọ ojú rẹ̀ lè padà wá sáyé bí afọ́jú. N kò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òkú yẹ ní ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ bàbá àgbà kan nítorí àtọ̀gbẹ kó tó kú, ṣé a ò ní sọ ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ní Babátúndé ni? Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ọmọ náà máa ń jẹ́? Ojú tí a sin, ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Ìbẹ̀rù kejì ló wúwo jù lójú mi. Ní ilẹ̀ tí a ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń fi ẹ̀yà ara ènìyàn ṣòògùn owó, bí ojú òkú bá di ọjà, olówó ni yóò máa rà, tálákà ni yóò máa pàdánù. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 gbà kí ènìyàn fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tọrẹ, ó sì ka títà rẹ̀ léèwọ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ohun tí ẹni fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda, ọrẹ ni. Ohun tí a mú láìgbàṣẹ, olè ni.

Nítorí náà, ó tọ́, bí ó bá jẹ́ ọrẹ. Ṣùgbọ́n kí a tó tọrọ lọ́wọ́ òkú, ó yẹ kí alààyè kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀: ẹ jẹ́ kí a máa yẹ ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò nígbà tí ìtọ́jú ṣì lè dá àìsàn dúró. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ojú rẹ̀ tọrẹ, kó sọ ọ́ létí ẹbí rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, nítorí òkú kò lẹ́nu.