Ìgbọràn Láìsí Pàṣán, Láìsí Òkèlè

Láti ìgbà tí ẹ̀dá ti ń sin Ẹlẹ́dàá ni ìbéèrè kan ti ń da àwọn olùfọkànsìn láàmú, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń yí i síwá sẹ́yìn: kí ni í mú kí ẹni tí a ń pàṣẹ fún gbọ́ràn? Ṣé ẹ̀rù ìyà ni, ṣé ìrètí èrè ni, tàbí ohun mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ ju méjèèjì lọ? Nínú Ìwé Jóòbù, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Sàtánì gbé ka iwájú Ọlọ́run, Ọba Aṣèyówùú, nígbà tí ó ní kò sí ohun tí ó mú Jóòbù bẹ̀rù Rẹ̀ bí kò ṣe ọrọ̀ àti ààbò tí Ó fi yí i ká. Mo fẹ́ wá ìdáhùn rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní rò pé ó lè wà, ìyẹn nínú agbo ìdíje níbi tí àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà ti ń fi ìgbọràn ajá wọn hàn, nítorí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìdíje ìgbọràn ajá kì í ṣe ohun àtayébáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1933 ni Helene Whitehouse Walker, obìnrin kan tí ó ń sin irú ajá tí à ń pè ní poodle, pe àwọn alájá jọ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Mount Kisco, ní ìpínlẹ̀ New York, ajá mẹ́jọ péré ni ó sì wá díje lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ti ń fi poodle ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò wúlò fún ohunkóhun ju kí a gẹ irun rẹ̀ kí a sì máa wò ó bí ọ̀ṣọ́. Walker sì pinnu láti fi iṣẹ́ dá wọn lóhùn dípò ẹnu. Nígbà tí ó di 1936, ẹgbẹ́ American Kennel Club, tí ó ti wà láti 1884, tẹ́wọ́ gba ìdíje náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Walker àti Blanche Saunders, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, kó ajá sínú ọkọ̀, wọ́n sì rin ìrìn àjò tí ó tó máìlì 10,000 láti fi ẹ̀kọ́ yìí han àwọn ènìyàn.

Ìpele àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti máa ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Máàkì 200 ni gbogbo rẹ̀: 40 fún rírìn pẹ̀lú okùn, 40 fún rírìn láìsí okùn, 30 fún dídúró jẹ́ẹ́ nígbà tí adájọ́ bá fi ọwọ́ kan ajá, 30 fún dídáhùn ìpè, àti 60 fún jíjókòó àti dídùbúlẹ̀ sójú kan. Ajá tí yóò yege gbọ́dọ̀ gba 170, kí ó sì gbà ju ìdajì lọ nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yege bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó fi oyè Companion Dog dá a lọ́lá. Apá òsì ọmọ ni ajá ń bá rìn. Bí ọmọ bá dúró, ajá yóò jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Okùn gbọ́dọ̀ rọ̀, nítorí pé okùn tí ó bá le gan-gan ń jẹ máàkì. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó gba àfiyèsí mi jùlọ nínú òfin wọn: ẹni tí ó bá na ajá rẹ̀ nínú agbo, a ó lé e jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ wọ ibẹ̀ láti fi tan ajá.

Kì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ ajá. Ní Jámánì, Konrad Most, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ìwé rẹ̀ lórí kíkọ́ ajá jáde ní 1910, ka pàṣán àti ẹ̀gbà ọrùn ẹlẹ́gùn-ún mọ́ ohun èlò iṣẹ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ajá sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n mìíràn ti inú omi wá. Ní Hawaii, ní àwọn ọdún 1960, Karen Pryor ń kọ́ dolphin, ẹran òkun tí kò ṣe é so lókùn tí kò sì ṣe é nà, nítorí pé bí a bá mú un bínú, yóò kàn lúwẹ̀ẹ́ lọ ni. Ó sì rí i pé àfi kí òun máa fún un ní ẹja nígbà tí ó bá ṣe dáadáa. Ìwé tí ó kọ ní 1984 wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ alájá ju pàṣán nù, kí wọ́n sì mú òkèlè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, inú mi sì dùn púpọ̀ sí ìyípadà yìí. Síbẹ̀ kò tíì dáhùn ìbéèrè wa, nítorí pé ẹni tí a fi òkèlè rà lónìí, ẹni tí òkèlè rẹ̀ bá tóbi ju tiwa lọ lè rà á lọ́la.

Lórí ìbéèrè yìí kan náà, Bernard ti Clairvaux, olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn kan ní ilẹ̀ Faransé, tí ó kú ní 1153, pín àwọn tí ń sin Ọlọ́run sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹrú tí ń bẹ̀rù, alágbàṣe tí ojú rẹ̀ wà lára owó, àti ọmọ tí ń bọlá fún baba rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ń sọ ìtàn Rábíà, obìnrin mímọ́ ìlú Básírà ní ọ̀rúndún kẹjọ, pé ó gbé iná ní ọwọ́ kan, ó gbé omi ní ọwọ́ kejì, ó ní òun ń lọ fi iná sun àlùjánnà, òun yóò sì fi omi pa iná ọ̀run àpáàdì, kí ó lè hàn kedere àwọn tí ń sin Ọlọ́run nítorí Ọlọ́run. Ẹnìkan lè jiyàn pé ajá kò lè dé ibẹ̀ láéláé, pé bí kò tilẹ̀ rí òkèlè nínú agbo, ó mọ̀ pé òkèlè ń dúró de òun níta. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìrètí tí ó lè ní sùúrù nígbà tí ojú kò rí ohun tí ó ń retí ti ń kúrò ní ọjà, ó ti ń di ìgbẹ́kẹ̀lé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a fi àkàrà tàn dé ilé kéwú ti í wá fẹ́ràn ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn. A kò kẹ́gàn ọ̀nà tí ìgbọràn gbà bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ó bá parí sí ni a ń wò.

Níbo wá ni ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ wọ inú iṣẹ́ yìí yóò ti bẹ̀rẹ̀? Lára ara rẹ̀ ni. Blanche Saunders mọ èyí dájú, nítorí pé ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1946 ni ó fún ní àkọlé tí ó fi hàn pé alájá ni a óò kọ́ kí ó tó lè kọ́ ajá. Kí ọmọ kọ́kọ́ jókòó létí agbo kí ó wo bí àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n ti ń ṣe é. Kí ó ka òfin. Kí ó wá ẹgbẹ́ tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Kí ó máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ ajá rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó bá gùn jù a máa sú ẹranko bí ó ti ń sú ènìyàn. Kí ọ̀rọ̀ tí ó fi pàṣẹ lónìí má yí padà lọ́la, kí inú rere rẹ̀ má sì jẹ́ ti ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá nìkan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe pe ajá wá sọ́dọ̀ kí ó sì nà án nígbà tí ó bá dé.

Iṣẹ́ ìpè ni ó ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ajá yóò jókòó sí ìpẹ̀kun kan nínú agbo, ọmọ yóò rìn lọ sí ìpẹ̀kun kejì, yóò kọjú sí i, yóò sì pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá di pé ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ náà ti bọ́. Ajá tí ó mọ̀ pé ire ni òun máa ń bá lọ́dọ̀ ẹni tí ó pe òun yóò sáré bọ̀ tààrà. Èyí tí a ti pè rí láti nà yóò máa fà sẹ́yìn, yóò máa wọ́ ilẹ̀ bọ̀ bí ẹni tí ń lọ gba ìdájọ́. Adájọ́ kò bá wọn gbé, ṣùgbọ́n ó ń rí bí wọ́n ti ń gbé pọ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn baba wa ní ajá tí yóò sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ajá ni a sì máa ń fi òwe náà bá wí; èmi sọ pé kí a tún bi ọdẹ léèrè irú ohun tí ajá ti bá rí nígbà tí ó jẹ́ ìpè fèrè náà.

Ẹni mẹ́ta ni ó wà nínú agbo: adájọ́, ọmọ, àti ajá. Adájọ́ a ní kí ọmọ máa lọ, a ní kí ó yípo, a ní kí ó dúró. Ọmọ a gbọ́ ti adájọ́, ajá a sì gbọ́ ti ọmọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún balógun ọ̀rún tí ó tọ Jésù wá ní Kápánáúmù nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, ẹni tí ó mọ̀ pé nítorí pé òun pàápàá wà lábẹ́ àṣẹ ni àwọn ọmọ-ogun ṣe ń gbọ́ ti òun, Jésù sì yìn ín fún ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹnikẹ́ni darí òun lè ní agbára, ṣùgbọ́n kò tíì ní àṣẹ.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo béèrè nìyí: ìgbọràn tí ó pé, ọmọ ìgbẹ́kẹ̀lé ni, ẹni tí ń pàṣẹ ni ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí pé Olódùmarè, Ọba tí kì í tàsé ọ̀rọ̀ Rẹ̀, ti jẹ́ olóòótọ́ sí wa ni ìsìn wa fi lè ga ju ti ẹrú àti ti alágbàṣe lọ, bí a bá tilẹ̀ rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òbí, olùkọ́, ọba, àlùfáà àti lèmọ́mù tí ń ráhùn pé àwọn tí ó wà lábẹ́ òun kò gbọ́ràn mọ́, kí ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò, bóyá ó dúró sójú kan, bóyá ire ni àwọn tí ó dáhùn ìpè rẹ̀ bá. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti inú agbo ajá kọ́ èyí, yálà ó gba 200 tàbí kò tó 170, ti mọ bí a ti ń pàṣẹ láìjẹ́ apàṣẹwàá, ìlú kankan kò sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àníjù.