Odò Tó Gbàgbé Orísun Rẹ̀
Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ Thomas, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ nínú The Scorch Trials (2010), ìwé tí James Dashner, ará Amẹ́ríkà, fi tẹ̀ lé The Maze Runner (2009). Àjọ WICKED ti pa iyè rẹ̀ rẹ́. Orúkọ nìkan ló kù, àwọn náà ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, Thomas àti àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá àkọlé tí wọ́n fín sí wọn lọ́rùn: Minho ni olórí, Thomas ni wọn yóò pa. Àlá wá ń fi hàn án pé òun fúnra rẹ̀ ti bá àjọ náà ṣiṣẹ́ rí. Òwe ò kúkú sọ ohun tí odò yóò ṣe bí orísun bá dọ̀tí. Nínú The Death Cure (2011), àjọ náà fẹ́ dá iyè náà padà fún un. Thomas kọ̀ jálẹ̀.