Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Ṣe Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Yé Wa?

Bí a bá gbé iṣẹ́ kan lé ènìyàn lọ́wọ́, tí iṣẹ́ náà kò sì yé e, ṣé kí ó dá a padà ni, tàbí kí ó tẹra mọ́ ọn?

Paul Wittgenstein, ará Vienna, jẹ́ atẹdùùrù tí ó pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀ lójú ogun ní ọdún 1914. Ní ìgbèkùn àwọn ará Rọ́ṣíà, orí àpótí igi ni ó ti ń fi ìka ọwọ́ òsì kọ́ orin. Lẹ́yìn ogun, ó sanwó fún àwọn àgbà tí ń ṣẹ̀dá orin kí wọ́n ṣe kọnṣẹ́ẹ̀tò tí ọwọ́ òsì nìkan lè tẹ̀. Sergei Prokofiev parí tirẹ̀ ní 1931. Wittgenstein ní kò yé òun, kò sì tẹ̀ ẹ́. Prokofiev kú ní 1953 láìgbọ́ ọ níwájú àwùjọ. Siegfried Rapp, ará Jámánì tí ogun kejì gba apá ọ̀tún tirẹ̀ náà, ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Berlin ní 1956.

A kò lè dá Wittgenstein lẹ́bi nítorí òtítọ́ tí ó sọ. Ṣùgbọ́n òye ha gbọdọ̀ ṣáájú iṣẹ́ bí? Nínú irú orin báyìí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò tẹ ohùn ìsàlẹ̀, tí yóò sì fò sókè lọ gbé orin gan-an. Àtàǹpàkò ni ó sábà máa ń gbé e, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń di ohùn ìsàlẹ̀ mú kí ó má baà kú. Bí orin bá jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, etí a máa ṣáájú ìka. Rapp kò rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka ní láti ṣáájú, kí etí tó tẹ̀lé e. (Àwọn akọrin wa àtijọ́ tí wọ́n kọ́ orin Látìn kí wọ́n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ yóò gbà fún mi.)

Ti Paul Hindemith ni ó burú jù. Ó kọ tirẹ̀ ní 1923. Wittgenstein kò tẹ̀ ẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Ó ti sanwó, lóòótọ́, owó náà sì fún un láṣẹ láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ó fún un láṣẹ lórí etí àwa yòókù. Ó di 2002, lẹ́yìn ikú opó rẹ̀, kí a tó rí ìwé orin náà láàárín ẹrù. Leon Fleisher, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ni ó tẹ̀ ẹ́ ní Berlin ní 2004. Ẹni ọdún 76 ni nígbà náà, ó sì ń kọ́ orin tí a ti kọ sílẹ̀ kí a tó bí i.