Ọ̀kadà Tó Dákẹ́ Tí Kò Sinmi

Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́kadà tó ń ti máṣìnnì wá sí ìsọ̀ mi láàárọ̀ máa ń wí: "Rewáyà, bátìrì mi ti kú o, bẹ́ẹ̀ mo pa á kí n tó wọlé lálẹ́ àná." Wọn ò parọ́. Wọ́n pa á lóòótọ́. Bọ́tìnì pupa tó wà lápá ọ̀tún ni wọ́n tẹ̀, ẹ́ńjìnì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e dúró, wọ́n wọlé lọ. Iṣẹ́ tí bọ́tìnì yẹn ń ṣe kò ju kó gba iná lọ́wọ́ púlọ́ọ̀gì lọ. Púlọ́ọ̀gì ò ta mọ́, epo ò gbiná mọ́, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀nà tí agbára ń gbà jáde látinú bátìrì lọ sí iná ẹ̀yìn, sí iná ojú míítà, sí fèrè, gbogbo rẹ̀ ló ṣì là sílẹ̀.

Àwọn tó ṣe bọ́tìnì náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ọ̀kadà bá ṣubú tí ẹ́ńjìnì sì ń ké, tàbí tí ọwọ́ tí a fi ń lọ̀ ọ́ bá há tí kò fẹ́ padà, ẹni tó ń gùn ún lè pa á láì gbé ọwọ́ kúrò níbi tó fi dì í mú. Àwa la wá sọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún pàjáwìrì di ọ̀nà tí a ń gbà parí iṣẹ́ òòjọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gílóòbù kékeré tó ń tàn lẹ́yìn ọ̀kadà, wáàtì 5 ni. Lórí bátìrì fólùtì 12, ó ń fa nǹkan bí áńpù 0.4. Bátìrì tó lè pèsè áńpù 5 fún wákàtí kan á bọ́ gílóòbù yẹn fún nǹkan bí wákàtí 12, ìyẹn bó bá jẹ́ tuntun tó sì kún dáadáa. Ẹni tó wọlé lágogo mẹ́jọ alẹ́, kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù, iná ti jó fún wákàtí 10. Bó bá jẹ́ irú ọ̀kadà tí iná iwájú náà ń jẹun lára bátìrì, tí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ wáàtì 35, á máa fa nǹkan bí áńpù 3. Wákàtí méjì ò ní pé tí bátìrì yẹn á fi gbẹ. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré tí a ń gùn níbí, ara kọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni iná iwájú ti ń gba agbára rẹ̀ ní tààrà, ó sì máa ń kú bí ẹ́ńjìnì bá ti kú. Ibẹ̀ ni ojú ti ń tan ènìyàn. Iwájú ṣú, etí ò gbọ́ nǹkan kan, ọlọ́kadà gbà pé ó ti parí. Ẹ̀yìn tí kò wò ni iná ti ń jó.

Rewáyà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Adventist ni mí pẹ̀lú, ó sì ti pẹ́ tí bọ́tìnì pupa yìí ti ń bá mi dé ilé ìjọsìn. Ní 1914 ni David C. Babcock mú ìjọ wa wọ ilẹ̀ yìí, Ẹrúnmu tí kò jìnnà sí Ìbàdàn ló sì fi ṣe ibùdó. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì tó wà ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ ń jẹ́ lónìí. Látìgbà náà ni irú ìdílé tí wọ́n bí mi sí ti ń ti ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí oòrùn tó wọ̀, tí a kì í sì í ṣí i títí oòrùn á fi wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo nífẹ̀ẹ́ ọjọ́ Sábáàtì yìí. Nítorí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìbéèrè kan ò ṣe jẹ́ kí n gbádùn: ta la lè sọ pé ó sinmi? Ṣé ẹni tó jókòó ni, àbí ẹni tó parí?

Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, a jọ ń jọ́sìn ni. Ó sọ fún mi pé bí òun bá darí dé láti ilé ìjọsìn lọ́sàn-án Sábáàtì, ó máa ń rẹ òun ju ọjọ́ tí òun bá lọ rajà l'Ékòó lọ. Kò gbé ẹrù, kò wọkọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni na ọjà. Ó kàn jókòó látàárọ̀. Mo bi í pé, "Ìyá, kí lẹ ń rò níbẹ̀?" Ó ní owó tí àwọn kan jẹ òun ni, àti ọjà tó kù sí pọ́ọ̀tù, àti ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀, ariwo ọjà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ wọn. Ọjọ́ ìsinmi ni gbogbo wọn máa ń ké sókè.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí yé mi nítorí mítà tó wà lọ́wọ́ mi. Bí ọlọ́kadà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ́ńjìnì tí mo fi mítà kan orí bátìrì, ó lè fi fólùtì 13 hàn, kí bátìrì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ojú bátìrì lásán ni ẹ́ńjìnì fi agbára yẹn kùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, láì sí ohun tó ń fún un, láì sí ohun tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mítà bá ka nǹkan bí 12.6, ó kún. Bó bá ka 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbà pé ohun tí Sábáàtì ń ṣe fún ènìyàn lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ń dẹ́rù bani: ó ń jẹ́ ká rí iye tó kù nínú wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fẹ́ rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́kadà tí bátìrì wọn ti kú tipẹ́, tí wọ́n ń ta kíkì ṣáá, tí ẹ́ńjìnì sì ń dá wọn lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ò nílò bátìrì kí púlọ́ọ̀gì tó ta. Wọ́n á máa sáré kiri láì ní fèrè, láì ní iná bíréèkì, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá dúró nínú òkùnkùn pẹ́rẹ́ báyìí ni mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ kọ́kọ́rọ́ ni pé bátìrì tó gbẹ, tí a fi sílẹ̀ ní gbígbẹ, ń bàjẹ́ sí i. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú bátìrì òjé àti ásíìdì yìí ní 1859, ìlànà inú rẹ̀ ò sì tíì yí padà. Bó bá ti ń lo agbára, ásíìdì á máa wọ ara àwọn páànù òjé, á máa di ohun funfun kan lára wọn, omi á sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá tètè fún un ní ṣáájì, funfun yẹn á yọ́ padà di ásíìdì. Bó bá pẹ́, á le, á dì mọ́ òjé, ṣáájì ò sì ní ràn án mọ́. Ìgbà tí kò ṣe nǹkan kan ló bàjẹ́, nítorí pé òfo ló wà nígbà tó dúró.

Alájì tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi kì í gbà fún mi bọ̀rọ̀. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì mọ Kùránì. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Rewáyà, Ọlọ́run tí kì í tòògbé, tí kì í sùn, tí àárẹ̀ kì í mú lẹ́yìn tó dá sánmà àti ilẹ̀, ìwọ wá ní ó sinmi. Kí ló rẹ̀ ẹ́?" Ó tún rán mi létí pé lọ́dọ̀ tiwọn, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Kùránì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n túká lọ wá oore Ọlọ́run. Ọjọ́ ìrun ni, kì í ṣe ọjọ́ títì ìsọ̀.

Mi ò lè fi ẹnu lásán dáhùn. Bíbélì tèmi náà sọ nínú ìwé Àìsáyà pé àárẹ̀ kì í mú Ọlọ́run, mo sì sọ fún un. Mo ní, "Alájì, òótọ́ lẹ sọ, kò rẹ̀ ẹ́. Bí kò bá wá rẹ̀ ẹ́ tó sì dúró, ìsinmi kì í ṣe oògùn àárẹ̀ nìyẹn." Ọlọ́run wo ohun tó ṣe, ó ní ó dára, ó tó, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè fi kún un, kò fi kún un. Mo rò pé nǹkan tí kò sí nínú bọ́tìnì pupa nìyí. Bọ́tìnì kàn ń dá ariwo dúró ni. Kọ́kọ́rọ́ ni ẹni tó gbà pé ó tó máa ń yí, tó sì máa ń yọ lọ sínú àpò.

Ìtàn mánà nínú Ẹ́kísódù fi èyí hàn mí ju ìwàásù lọ. Lọ́jọ́ kẹfà, gbogbo ilé kó ìlọ́po méjì, èyí tí wọ́n fi pamọ́ ò sì rùn. Síbẹ̀, àwọn kan tún jáde lọ wá a lọ́jọ́ keje, wọn ò sì rí nǹkan kan. Oúnjẹ wà nílé. Ebi kọ́ ló lé wọn jáde. Wọn ò gbà gbọ́ pé ti àná tó ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Alájì tún ní ibi tó ti borí tèmi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jáde. Ìsinmi ò fi ohunkóhun kún bátìrì. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọ̀kadà, ẹ gbé e sórí tábìlì, díẹ̀díẹ̀ á ṣì máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, pàápàá nínú irú ooru tiwa yìí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tó ń tì í pẹ̀lú nǹkan bí fólùtì 14, ni bátìrì ń kún. Iṣẹ́ ló ń kún un. Ìsinmi ń dáàbò bo ohun tí iṣẹ́ ti kó sínú rẹ̀. Àwa tó ń pa Sábáàtì mọ́ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ keje nìkan ni òfin kẹrin dá lé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà iṣẹ́ wà nínú òfin kan náà. Oore tí àwọn Alájì ń túká lọ wá, ara ìsìn ni.

Ó ku irú wáyà kan tó ń fi gbogbo àlàyé yìí ṣeré. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn kí wọ́n so iná aláwọ̀ mèremère mọ́ ọ̀kadà, àti ibi tí wọ́n á ti máa ṣáájì fóònù, àti ẹ̀rọ orin. Ẹni tó bá wọn ṣe é á so ó mọ́ orí bátìrì tààrà, kò ní gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá. Olúwarẹ̀ lè yọ kọ́kọ́rọ́ kó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, bátìrì á ṣì gbẹ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí mo ṣe ń wá a ni pé mo máa ń tú wáyà nẹ́gátíìfù, màá fi mítà sí àárín wáyà yẹn àti orí bátìrì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ti wà ní pípa. Bí mítà bá fi hàn pé nǹkan ń lọ, màá máa yọ àwọn ohun tó so mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi dúró. Ọ̀nà mìíràn ò sí. Kò ṣeé fojú wò, kò ṣeé fi etí gbọ́.

Ohun tí mò ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìyẹn kí oòrùn tó wọ̀. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá máa dárúkọ ohun tó ń fa mí: oníbàárà tó bú mi, owó ilé, ẹ̀gbọ́n mi tí a ò sọ̀rọ̀ dáadáa. Èyí tí mo lè parí lójú ẹsẹ̀, màá pe ẹni náà. Èyí tí mi ò lè parí, màá gbàdúrà lé e lórí, màá sì fi í sílẹ̀. Ìyá yẹn náà ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ó ní àwọn tó jẹ òun lówó ni òun máa ń pè lọ́jọ́bọ̀ báyìí, kó má bàa di Sábáàtì.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ò kan ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà ọlọ́kadà. Owó kan wà tó gbọ́dọ̀ dá fún olówó ọ̀kadà lójoojúmọ́. Bí òjò rọ̀, bí ara rẹ̀ ò yá, owó náà ń ka. Bí mo bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sinmi, ìyà ni mo fi kún ìyà rẹ̀. Ìgbà tí mo tún òfin náà kà nínú Ẹ́kísódù orí 20 àti Diutarónómì orí 5 ni mo rí ẹni tí ó ń bá wí. Baálé ilé ni. Òun ni òfin sọ fún pé kí ọmọ rẹ̀, ìránṣẹ́ rẹ̀, màlúù rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ àti àlejò tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sinmi, Diutarónómì sì fi kún un pé kó rántí pé ẹrú ni òun náà ní Íjíbítì. Kọ́kọ́rọ́ ìránṣẹ́, ọwọ́ ọ̀gá ló wà.

Látìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn olówó ọ̀kadà tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi sọ ọ́: kí wọ́n gba owó ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n fi ìkeje sílẹ̀ fún ọmọ tó ń gùn ún. Ọ̀kan sọ pé òun ò ní ọjọ́ tí òun lè fi ṣòfò, mi ò sì dákẹ́ sí i lára. Òmíràn gbà, ó sì ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ tó bá wù ú. Mùsùlùmí ni ọmọ yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ ló yàn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Alájì, ó gbé táyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun mọ olówó ọ̀kadà mẹ́ta ní mọ́ṣáláṣí tiwọn, òun á bá wọn sọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.