Ọgbà Wo Ni Ó Yẹ Ọ̀dọ́mọkùnrin?

Ẹnikẹ́ni nínú wa ní Òrò-Àgọ́ tí ó bá gba Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin yóò kọjá ní Gánmọ, níbi tí Bọ́sítà wà, èyíinì ni ọgbà àwọn ọmọkùnrin tí òfin mú. Irú rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta àti Kàdúná pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ wọn ní ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, bí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti aṣọ rírán.

Òfin ọdún 2019, èyí tí ó sọ Iléeṣẹ́ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n di Iléeṣẹ́ Àtúnṣe Ìwà, ya Bọ́sítà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn túbú ìyókù: èyí tí ìṣọ́ rẹ̀ le jùlọ, bí irú ti Kírikírì ní Èkó, èyí tí ìṣọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, àti ọgbà oko. Ìdí rẹ̀ dára. Bí a bá ti ọmọ tí ó jí adìẹ mọ́ ọ̀dọ̀ ògbólógbòó adigunjalè, ta ni yóò kọ́ ta ní iṣẹ́?

Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń wọn ènìyàn? Ní ìgbà púpọ̀, ẹ̀sùn tí a kọ sínú ìwé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ju ìdajì àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé ní Nàìjíríà lọ tí a kò tí ì dá lẹ́jọ́. Bọ́sítà wà fún ẹni tí ó ti pé ọdún 16 ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé 21, ọjọ́ tí a dá a lẹ́bi ni a sì fi ń ka ọjọ́ orí náà. Nítorí náà ọmọ tí a mú ní ọdún 19, tí ẹjọ́ rẹ̀ fà di ọdún kẹta, ti dàgbà ju Bọ́sítà lọ láìkúrò lójú kan. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni yóò lọ. Ẹni tí a sì ń ṣọ́ bí ẹkùn, bó pẹ́ bó yá, èékánná ni yóò máa pọ́n.

Àwọn kan yóò wí pé ojúṣe onítúbú ni láti dáàbò bo ìlú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n túbú Kújẹ ní Àbújá, tí a kọ sílẹ̀ pé ìṣọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, ni a kó àwọn tí a fẹ̀sùn Boko Haram kàn sí. Nígbà tí a kọlù ú ní oṣù Keje 2022, ó lé ní 800 ẹlẹ́wọ̀n tí ó sá. Orúkọ tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà kò ṣọ́ ẹnìkan.

Ọ̀ràn kan kù tí kì í ṣe ti ìjọba, òun ni ó sì ń dùn wá jù. Àwọn òbí kan a máa fa ọmọ tí ó ya olóríkunkun, tàbí tí ó ń mu igbó, lọ sí Bọ́sítà, láìjẹ́ pé ó rú òfin tí adájọ́ kan gbọ́. A mọ̀ pé agara ti dá wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá jáde, orúkọ Bọ́sítà yóò bá a jáde, àwọn ará ilé tí ó mú un lọ ni yóò sì kọ́kọ́ máa fi pè é.