Sàká: Ẹ̀tọ́ Tí Ó Yẹ Kí Ó Gbé Aláìní Dìde

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Bí olówó bá yọ sàká rẹ̀ pé, tí aláìní tí ó gbà á sì tún padà wá dúró síbi kan náà lọ́dún tí ń bọ̀, ǹjẹ́ sàká náà ti ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́hun rán an?

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún òṣùpá kan sì yí po lórí rẹ̀, ìdá kan nínú 40 rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Súrà Al-Ma'ārij (70:24–25) jẹ́ kí ó yé wa pé ẹ̀tọ́ atọrọ àti ẹni tí kò rí ní ni. Súrà Al-Hashr (59:7) sì sọ ìdí tí a fi ń pín ọrọ̀: kí ó má baà máa yí po láàárín àwọn olówó nìkan.

Ṣùgbọ́n ó ti di àṣà láwùjọ, pàápàá bí Ramadan bá ń lọ sópin, kí èrò tò sí ẹnu ọ̀nà olówó, kí àwọn ìyá àgbà máa jẹ oòrùn nítorí owó kékeré. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Sàká mílíọ̀nù 40 náírà jẹ́ mílíọ̀nù kan. Bí a bá pín in fún 500 ènìyàn, 2,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, ó ti tán. Bí a bá fún ènìyàn márùn-ún, 200,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: aránṣọ yóò ra ẹ̀rọ, opó tí ń ta ẹ̀wà yóò rí owó òwò. Ìmáàmù An-Nawawi ti kọ ọ́ sínú Al-Majmū' pé kí a fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní iye tí yóò fi ra irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: àwọn 495 yòókù ńkọ́? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òdodo ni. Ìdí nìyí tí sàárà fi wà, tí kò ní ìwọ̀n, tí kò sì ní àsìkò. Sàárà ni kí a fi bọ́ ẹni tí ebi ń pa lónìí. Sàká ni kí a fi gbé e kúrò nínú àìní.

Súrà At-Tawbah (9:60) fi àwọn tí ń gba sàká jọ kún àwọn mẹ́jọ tí ó tọ́ sí. Èyí fi hàn pé ètò ni sàká ń fẹ́. Kí olówó àdúgbò kó tiwọn pọ̀ sọ́wọ́ àwọn olùfọkàntán, kí a kọ orúkọ aláìní sílẹ̀, kí ó máa kàn wọ́n ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Ohun tí olówó yóò pàdánù ni ìyìn èrò ẹnu ọ̀nà. Láádá rẹ̀ kò ní dín lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun gba sàká wa, kí Ó fi fọ ọrọ̀ wa mọ́. A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀ fún àwa àti ẹ̀yin. Àmín.